Ṣé Wọ́n Ń Kọ́ Eré Ní Yunifásítì? Ìbéèrè Tí Ó Dé Iwájú Ìgbìmọ̀ Ẹ̀yáwó Wa

  Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ fìn-ín-fìn-ín pé àríyànjiyàn ṣẹlẹ̀ nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó, àti pé ìpàdé tí ó yẹ kí ó parí ní agogo márùn-ún, orí rẹ̀ ni a wà títí wọ́n fi pe ìrun Mọ̀gàríbì. Òótọ́ ni. Kí ẹnikẹ́ni má baà bu iyọ̀ tirẹ̀ sí i, ẹ jẹ́ kí èmi akọ̀wé yín sọ ọ́ bí ó ti rí.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ni ó kọ ìwé wá pé òun fẹ́ yá owó. Tíṣà ni, ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní ìhà Òkè Pópó. Ọdún kẹsàn-án rèé tí ó ti ń dá owó lọ́dọ̀ wa, kò sì sí oṣù kan tí ó fò. Ó ti yá owó lẹ́ẹ̀mejì rí, ó sì san án kí ọjọ́ tó pé. Ìgbìmọ̀ béèrè ohun tí ó fẹ́ fi owó náà ṣe, ó ní òun fẹ́ lọ gba dìgírì. Gbogbo wa ní kò burú. Wọ́n tún béèrè pé dìgírì nínú kí ni. Ó ní nínú Human Kinetics and Health Education.

Bàbá kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ bí mo ti mọ̀ ọ́n: ẹ̀kọ́ nípa bí ara ènìyàn ṣe ń gbéra, nípa eré ìdárayá àti ìtọ́jú ìlera. Ẹ̀rín ni gbogbo ilé fi dáhùn. Alhaji wa, ẹ mọ ẹni tí mò ń wí, ṣí fìlà lórí, ó ní, "Akọ̀wé, ṣé kí á wá kó owó ìyá aláṣọ àti ìyá eléèlùbọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ lọ kọ́ bọ́ọ̀lù gbígbá? Àwọn ọmọ tí ń gbá mọ́ńkí pósìtì ní ojúde mi, yunifásítì wo ni wọ́n lọ tí wọ́n fi ń fọ́ gíláàsì ọkọ̀ mi?"

Arábìnrin náà kò bínú. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, ẹ dákun, ẹ má bínú. Ọmọ ọmọ yín tí ó ṣubú nígbà eré ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn, ta ni ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan apá rẹ̀?" Alhaji ní tíṣà tí ń kọ́ wọn ní ìṣirò ni, òun ni ó kúkú ń bá wọn ṣe eré ní ọjọ́ Ẹtì. Arábìnrin náà ní, "Kí ni tíṣà náà ṣe?" Alhaji dákẹ́. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó ṣe. Ó fa apá ọmọ náà, ó ní ó yẹ̀ ni, kò sì yẹ̀, ó ṣẹ́ ni. Apá ọmọ yẹn kò tíì nà tán títí di òní olónìí.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín tán. Ìgbìmọ̀ wá ní kí n lọ wádìí ọ̀ràn náà fún oṣù kan: irú dìgírì wo ni èyí, ta ni ó fọwọ́ sí i, ọ̀nà wo ni ènìyàn ń gbà dé ibẹ̀, ṣé owó ẹgbẹ́ lè padà wá níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí. Mo mọ̀ pé tíṣà àti òbí àwọn tí ó fẹ́ di tíṣà pọ̀ nínú wa, kò yẹ kí ó jẹ́ ìgbìmọ̀ nìkan ni yóò gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ wa ti 1999 títí dé 2001, èyí tí etí rẹ̀ ti jẹ tán, orúkọ ènìyàn mẹ́ta wà níbẹ̀ tí wọ́n yá owó "fún ẹ̀kọ́ gíga". Ní ìgbà yẹn, àwọn yunifásítì tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn máa ń ní yàrá ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì káàkiri Èkó. Wọn a gbé pátákó kọ́ sójú fèrèsé, wọn a pe ibẹ̀ ní káḿpọ́ọ̀sì. Òmíràn wà tí àwọn tí ó ni orúkọ tí a kọ sára pátákó kò tilẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀. Ní 2001, ìjọba àpapọ̀ gba ẹnu National Universities Commission, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní NUC, pàṣẹ pé kí wọ́n ti gbogbo irú ibẹ̀ pa. Àwọn ènìyàn wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé ẹnu ọ̀nà, àgádágodo ni wọ́n bá. Owó ilé ẹ̀kọ́ lọ, ìwé ẹ̀rí kò sí, ṣùgbọ́n gbèsè ẹgbẹ́ dúró gbọn-in. Ẹnì kan san tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí di 2007. Ẹnì kejì kó kúrò ní Èkó, àwọn onídùúró rẹ̀ ni ó san án, ọ̀kan nínú wọn kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí tí ó fi kú. Ìdí nìyí tí ojú àwọn àgbà ẹgbẹ́ fi máa ń le tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ yunifásítì, kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ìwé.

Èkó kì í sì í ṣe ìlú tí a lè sọ pé ó kórìíra ìwé. CMS Grammar School, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1859 lọ́dọ̀ Thomas Babington Macaulay, bàbá Herbert Macaulay, orí ilẹ̀ Èkó níhìn-ín ni ó wà fún ọgọ́rùn-ún ọdún kí ó tó kó lọ sí Bárígà. Ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọ CMS fi ń kọ́ àwọn tíṣà pàápàá, lẹ́yìn tí ìjà lé àwọn òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta ní 1867, Èkó ni ó sá wá. Ó wà lọ́dọ̀ wa títí di 1896 tí wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, tí ó wá di St. Andrew's College. Nítorí náà, kí Ọ̀yọ́ tó máa fi St. Andrew's yangàn, a ti bá wọn tọ́jú ọmọ náà.

Ní ayé ìgbà náà, tíṣà kò nílò dìgírì. Ẹni tí ó bá ka ìwé mẹ́fà lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni, lẹ́yìn náà kí ó lọ gba Grade Three, kí ó tún gba Grade Two. Ẹni tí ó bá wá ní dìgírì, nínú ìtàn tàbí nínú èdè Látìn ni yóò ti gbà á, kí ó tó tún lo ọdún kan láti kọ́ bí a ti ń kọ́ni. Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ náà padà ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ní January 1955 ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ní 1957 ni ó dé Èkó. Ọmọ kún ilé ẹ̀kọ́ bí omi, tíṣà kò tó. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Ashby kalẹ̀ ní 1959, ìgbìmọ̀ náà sì jábọ̀ ní 1960. Lára ohun tí wọ́n sọ ni pé kí àwọn yunifásítì máa fúnni ní dìgírì nínú iṣẹ́ ìkọ́ni gan-an, kí ènìyàn máa kọ́ ẹ̀kọ́ tí yóò fi kọ́ni àti ọ̀nà tí yóò gbà kọ́ni pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nsukka ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ èyí, ní 1961, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Lára àbá náà kan náà ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àgbà fún tíṣà ti jáde, àwọn tí ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí NCE. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1962.

Nígbà tí UPE tún dé ní September 1976, ọ̀ràn tíṣà tún le sí i. Ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 1977 sọ ọ́ kedere pé NCE ni yóò di ìwé ẹ̀rí tí ó kéré jù lọ fún tíṣà. Ó pẹ́ kí ó tó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ní Grade Two nìkan lónìí, ẹnu ọ̀nà ni ó wà. Òwe tí àwọn ènìyàn ń fi tíṣà pa pé ọ̀run ni èrè rẹ̀ wà, ilé ayé ni wọ́n ti ń béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀ o.

Ẹ jẹ́ kí á wá padà sí ọ̀ràn arábìnrin wa. NCE ni ó ní, nínú eré ìdárayá àti ìlera, tí àwọn tíṣà ń pè ní PHE. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé ẹni tí ó bá ní NCE tí ó dára kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Fọ́ọ̀mù Direct Entry ni yóò gbà lọ́wọ́ JAMB, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1978. Kò ní jókòó ìdánwò tí àwọn ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ń ṣe. Ipele kejì ni yóò ti wọlé, ọdún mẹ́ta ni yóò sì lò dípò mẹ́rin. Ní ti owó, ẹ fi ojú ọjà wò ó: NCE tí ó ti ní yẹn ti bá a san owó ọdún kan.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gún kan wà níbẹ̀ tí ó ti gún ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́sẹ̀. NCE kò pa èsì ìdánwò girama rẹ́. Yunifásítì yóò ṣì béèrè pé ṣé o ní kírẹ́díìtì márùn-ún ní WAEC tàbí NECO, èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò sì wà lára wọn. Mo mọ tíṣà kan tí ó ti fi NCE kọ́ni fún ọdún mọ́kànlá, tí ó tún lọ jókòó ṣe WAEC pẹ̀lú ọmọ bíbí inú rẹ̀ nítorí kírẹ́díìtì Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn méjèèjì yege. Ó ní ọmọ náà ni ó ràn òun lọ́wọ́ jù. Ti arábìnrin wa pé márùn-ún, èmi fúnra mi ni mo wo ìwé náà.

Oríṣi dìgírì iṣẹ́ tíṣà pọ̀, orúkọ wọn a sì máa da ènìyàn láàmú. Ẹni tí yóò máa kọ́ni ní ìtàn, Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì, B.A. (Ed.) ni tirẹ̀. Ẹni tí yóò máa kọ́ni ní ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì, B.Sc. (Ed.) ni. Ẹni tí ó kọ́ nípa iṣẹ́ ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, bí ìtọ́sọ́nà àwọn ọmọ, ìṣàkóso ilé ẹ̀kọ́ tàbí ẹ̀kọ́ àgbà, B.Ed. ni ó sábà máa ń gbà. Ẹni tí ó bá ti ní dìgírì mìíràn, bóyá nínú ìṣírò owó tàbí nínú ẹ̀rọ, tí ó wá bá ara rẹ̀ ní kíláàsì (irú wọn pọ̀ ní Èkó tí iṣẹ́ kò sí), kò nílò láti tún bẹ̀rẹ̀ dìgírì. PGDE ni yóò lọ ṣe, kò sì pẹ́ bí dìgírì. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan fẹ́ yá owó ọdún mẹ́ta láti lọ ṣe dìgírì kejì nígbà tí PGDE ti tó o. Mo ti bá a sọ̀rọ̀, ó sì ti gba ìwé rẹ̀ padà.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni àjọ TRCN wà, tí òfin 1993 dá sílẹ̀ láti máa kọ orúkọ tíṣà sílẹ̀, bí a ti ń kọ ti dókítà àti lọ́yà. Ìdánwò ni tíṣà ń ṣe kí wọ́n tó gbà á. Ẹni tí ó ní NCE wà ní ìpele D, ẹni tí ó ní dìgírì wà ní ìpele C. Lẹ́tà kan péré ni ó wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n lẹ́tà yẹn ni owó oṣù àti oyè ń tẹ̀ lé. Ní 2022, Ààrẹ Buhari tún fọwọ́ sí òfin pé kí tíṣà ìjọba lè ṣiṣẹ́ títí di ọmọ ọdún 65 tàbí kí ó lo ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́. Arábìnrin wa jẹ́ ọmọ ọdún 38. Ní báyìí tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, òfin náà kò kàn án. Ṣùgbọ́n tí ó bá gba dìgírì ní ọmọ ọdún 41 tàbí 42, tí ìjọba sì gbà á, ẹ bá mi ka iye ọdún tí ó kù.

Níbo ni yóò ti kà á? Yunifásítì Èkó tí ó wà ní Akọkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, ní ẹ̀ka Human Kinetics and Health Education. Ìbàdàn náà ní tirẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ sínú orúkọ ẹ̀ka náà gan-an: Kinesiology, Health Education and Recreation. Àwa tí a wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, a tún ní láti wo ti Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ó ní 2022 so kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéníran Ògúnsànyà ní Ìjànikin àti kọ́lẹ́ẹ̀jì Michael Ọ̀tẹ́dọlá ní Ẹ̀pẹ́ pọ̀, tí ó sọ wọ́n di Lagos State University of Education. Ìjànikin jìnnà, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n láti September 2023 tí ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń gbé èrò láti Màrínà dé Mile 2, ìdajì ìyọnu ọ̀nà yẹn ti dínkù. Akọkà ni ó súnmọ́ wa jù: ènìyàn yóò gba orí Third Mainland, tí Ọlọ́run bá sì ṣe é, yóò dé.

Àwọn tí kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ ń kọ́? Yunifásítì Èkó ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn láti 1974, ó sì kọ́ àwọn tíṣà sáyẹ́ǹsì gan-an lọ́nà yẹn. National Open University, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, tí àwọn ológun tì pa ní 1984, tí ìjọba sì jí dìde ní 2002, ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tíṣà pẹ̀lú. National Teachers' Institute ní Kàdúná, tí ó wà láti 1976, ni ó ran ọ̀pọ̀ àwọn Grade Two lọ́wọ́ láti di NCE láìfi kíláàsì wọn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni sáńwíìṣì wà, èyí tí tíṣà ń lọ kà nígbà ìsinmi gígùn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ eré ìdárayá, tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ara ṣe, orí pápá ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí arábìnrin wa fi yan pé kí òun máa lọ ní ojúmọmọ. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì ti gbà kí ó máa wá ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ìdajì owó oṣù. Ìdajì owó oṣù tíṣà aládàáni! Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ ìsanpadà.

Mo wá béèrè ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn gan-an. Alhaji wa, bọ́ọ̀lù gbígbá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó kéré jù. Wọ́n ń kọ́ nípa egungun àti iṣan, bí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ènìyàn bá ń sáré, ìtọ́jú ojú ẹsẹ̀ fún ẹni tí ó fara pa, oúnjẹ, àrùn àti bí a ti ń dènà rẹ̀. Wọ́n ń kọ́ bí a ti ń ṣètò eré fún ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ tàbí tí kò ríran. Wọ́n ń kọ́ omi wíwẹ̀, ijó, eré sísá, ìṣàkóso pápá àti owó pápá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń lọ fi iṣẹ́ tíṣà dánra wò ní ilé ẹ̀kọ́ gidi, tí lẹ́kítọ̀ yóò sì wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ti kọ́ èyí, tí egungun ọmọ bá ṣẹ́, kò ní fà á. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò fi gbé apá náà ró, yóò sì sọ ọ́ di ti ilé ìwòsàn.

Apá kejì ẹ̀kọ́ náà ni ó wá wọ̀ mí lára jù, èyí tí ó jẹ́ ti ìgbafẹ́: bí ènìyàn ṣe lè jẹ́ aṣáájú tí yóò kó ọmọdé, ọ̀dọ́ tàbí arúgbó jọ, tí yóò fún wọn ní ohun tí wọn yóò fi ara àti àkókò wọn ṣe. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, dìgírì tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí níbẹ̀. Ní 1891, tíṣà kan tí ń jẹ́ James Naismith ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ tí YMCA ti ń kọ́ àwọn aṣáájú rẹ̀ ní Springfield. Òtútù kò jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin rẹ̀ lè ṣeré níta, wọ́n sì ń da ilé rú. Ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó wá eré tí wọ́n lè ṣe nínú ilé. Ó kan agbọ̀n èso méjì mọ́ òkè, ó kọ òfin mẹ́tàlá, ó fún wọn ní bọ́ọ̀lù. Eré tí a ń pè ní basketball lónìí nìyẹn. Ìṣòro àyè tí kò tó ni tíṣà kan jókòó tì, ó sì rí ojútùú rẹ̀.

Ta ni àyè kò tó fún bíi tiwa? Ẹ bá mi wo erékùṣù yìí. Pápá ìdíje ẹṣin àtijọ́ di Tafawa Balewa Square ní 1972. Pápá Onikan wà láti 1930, orúkọ Mobọ́lájí Johnson ni wọ́n fi pè é láti 2019, ṣùgbọ́n ọmọ kan kò lè ṣàdédé gbé bọ́ọ̀lù wọ ibẹ̀. Campos ṣì wà, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a fi ṣọ́ọ̀bù kún un. Ibi yòókù, láti Ìdúmọ̀tà dé Òkè Àrìn, láti Àgárawù dé Ẹnu Ọ̀wá, ilé ni, ṣọ́ọ̀bù ni, ọkọ̀ ni. Nígbà tí a wà ní kékeré, a ṣe tẹ̀ń-tẹ̀n, a ṣe bojúbojú, a ta ayò lábẹ́ ilé. Ọmọ òde òní, fóònù ni ó ń tẹ̀ ní kọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn.

Àwọn àgbà wa ti rí ọ̀ràn yìí rí. Dókítà John Randle ni ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ odò ìlúwẹ̀ sí Onikan ní 1928 kí àwọn ọmọ wa lè kọ́ omi wíwẹ̀, nígbà tí ìjọba òyìnbó kò ṣe é. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni ilé àṣà Yorùbá tí a fi orúkọ rẹ̀ pè wà báyìí, èyí tí wọ́n ṣí ní 2023. Owó ni Randle fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n odò ìlúwẹ̀ tí kò ní ẹni tí ó mọ̀ bí a ti ń kọ́ ọmọ ní omi, kànga lásán ni. Tẹ́sílímì Balógun tí a ń pè ní Thunder pàápàá, tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún Queens Park Rangers ní Ìlú Ọba ní 1956, kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan. Ó tún lọ kọ́ iṣẹ́ kóòṣì.

Kì í sì í ṣe ọmọdé nìkan. Mo béèrè lọ́wọ́ arábìnrin náà pé kí ni yóò ṣe fún àwa tí a ti dàgbà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ka àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa tí ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù láti agogo méje òwúrọ̀ títí di alẹ́, kí n sì ka àwọn tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nínú wọn. Mo gbìyànjú láti kà wọ́n ní ìpàdé gbogboogbò tí a ṣe kẹ́yìn. Nígbà tí mo dé orí ẹnì kẹtàdínlógún, ìyàwó mi wà lára wọn, mo bá dẹ́kun.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó kù. Mo jábọ̀ fún ìgbìmọ̀, àríyànjiyàn náà sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Akápò ní kí ni yóò fi san án pẹ̀lú ìdajì owó oṣù. Ìbéèrè náà tọ̀nà. Arábìnrin náà ní ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin tí ń ta rọ́bà ní Òkè Àrìn yóò máa ran òun lọ́wọ́, àti pé ní àárọ̀ Sátidé òun ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá ní ilé ẹ̀kọ́ méjì, wọ́n sì ń san díẹ̀. A béèrè ìwé, ó mú un wá. Ọ̀kan nínú wa ṣì sọ pé kí ó fi owó náà ṣòwò, kí èrè òwò rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Kò ṣàì ní ọgbọ́n nínú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ ọ́ yá owó òwò lọ́dọ̀ wa ní 2021, a ṣì ń bẹ̀ ẹ́.

Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí. A kò ní kó owó ọdún mẹ́ta fún un lẹ́ẹ̀kan. Owó ọdún kan ni a ó máa yá a, tí èsì ìdánwò ọdún yẹn bá sì dé ni a ó tó sọ ti òmíràn. Owó náà kò ní gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá, inú àpò yunifásítì ní báǹkì ni a ó san án sí, lẹ́yìn tí a bá ti rí ìwé ìgbàwọlé láti ọ̀dọ̀ JAMB, tí èmi fúnra mi sì ti wo orúkọ yunifásítì àti ẹ̀kọ́ náà lára àwọn tí NUC fọwọ́ sí. Láti oṣù yìí lọ, bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe fún gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ yá owó ìwé, ìbáà jẹ́ ọmọ alága. Ẹ má mú ìwé ìpolówó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara afárá wá fún mi, n kò ní wò ó.

Onídùúró méjì ni òfin wa béèrè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ sí ìkíní. Nígbà tí ó ku ìkejì, gbogbo ilé dákẹ́, Alhaji sì na ọwọ́, ó ní kí n gbé bírò wá. Ó fọwọ́ sí i. Ó ní kì í ṣe pé òun ti gbà o, ṣùgbọ́n orúnkún òun méjèèjì ń dun òun, ẹni tí yóò sọ irú ìdárayá tí òun lè ṣe ni òun ń fi owó wá.

Fọ́ọ̀mù Direct Entry ti wà lọ́wọ́ arábìnrin wa báyìí. A ń retí ìwé ìgbàwọlé.